Ìṣàyẹ̀wò sọ́fítíwíà ìṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì fún ibùdó dátà onísáfà aláìlára

Ìṣàyẹ̀wò sọ́fítíwíà ìṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì ni iṣẹ́ dídán sọ́fítíwíà tí ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà wò, kí ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó yan èyí tí yóò lò. Ní ibùdó dátà tí ń lo sáfà aláìlára, iṣẹ́ yìí le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé apá kan nínú nẹ́tíwọ̀kì náà kì í ṣe okùn àti irin tí a lè fọwọ́ kàn. Inú sọ́fítíwíà ni ó wà. Ní Nàìjíríà, iná mànàmáná tí ń ṣẹ́jú, owó ìwé àṣẹ tí a ń san ní dọ́là, àti okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lè já wà lára ohun tí olùṣàyẹ̀wò gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Àpilẹ̀kọ yìí mú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a mọ̀ sí OAU, ní Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ irú àyíká bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀

Ibùdó dátà ni yàrá tàbí ilé tí a kó àwọn sáfà, ẹ̀rọ ìpamọ́ dátà àti ẹ̀rọ ìsopọ̀ jọ sí. Sáfà aláìlára, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní virtual machine, ni kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ara tirẹ̀: òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń pín agbára kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò. Sọ́fítíwíà tí ń ṣe ìpín náà fún wọn ni à ń pè ní hypervisor.

Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Ilé-iṣẹ́ IBM ti ń lò ó lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá láti ẹ̀yìn ọdún 1960, ó sì gbé VM/370 jáde ní ọdún 1972. A dá VMware sílẹ̀ ní ọdún 1998. Xen jáde ní ọdún 2003. KVM wọ inú Linux ní ọdún 2007. Proxmox VE sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó púpọ̀ láti fi sáfà alára méjì tàbí mẹ́ta ṣe iṣẹ́ tí ì bá gba ogún.

Ìtàn sọ́fítíwíà ìṣọ́

Ìpìlẹ̀ ìṣọ́ nẹ́tíwọ̀kì ni SNMP, ìlànà ìbéèrè àti ìdáhùn tí a gbé jáde ní ọdún 1988. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni sọ́fítíwíà ìṣọ́ fi ń bi swíìṣì, ráútà tàbí sáfà léèrè ipò tí ó wà. Ní ọdún 1995, Tobias Oetiker ṣe MRTG, tí ń ya àwòrán ìwọ̀n dátà tí ń gba orí okùn kọjá. Ethan Galstad gbé NetSaint jáde ní ọdún 1999, èyí tí ó di Nagios ní ọdún 2002. Cacti àti Zabbix jáde ní ọdún 2001. Prometheus bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ SoundCloud ní ọdún 2012, LibreNMS sì yapa kúrò lára Observium ní ọdún 2013. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀dà olówó tí àwọn kan nínú wọn ní, ni a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àpẹẹrẹ Ilé-Ifẹ̀

Yunifásítì Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, ni a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, yunifásítì náà bá ibùdó ìmọ̀ físíìsì ICTP ní ìlú Trieste, Ítálì, ṣiṣẹ́ pọ̀ láti dá nẹ́tíwọ̀kì ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. OAUnet ni a ń pè é. Ẹ̀ka tí ń bójú tó iṣẹ́ náà ni INTECU. Lẹ́yìn náà, Carnegie Corporation ti ìlú New York wà lára àwọn tí ó ran yunifásítì náà lọ́wọ́. Láàárín ọdún 2000 sí 2010, OAU wà lára àwọn yunifásítì Áfíríkà tí ó bá MIT ní Amẹ́ríkà ṣe iLabs, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ti orí nẹ́tíwọ̀kì darí ohun èlò yàrá ìdánwò tí ó wà níbòmíràn.

Ìtàn yìí fi ohun tí ó wà nínú ewu hàn. Ní yunifásítì òde òní, ìforúkọsílẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́, èsì ìdánwò àti ìwé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà lórí nẹ́tíwọ̀kì. Bí sáfà alára kan tí ó ru sáfà aláìlára mẹ́wàá bá dákẹ́, iṣẹ́ mẹ́wàá ló dákẹ́ pọ̀. Sọ́fítíwíà ìṣọ́ ni yóò sọ fún òṣìṣẹ́ ibi tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tò síta.

Ohun tí ó mú ìṣọ́ sáfà aláìlára ṣòro

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí kì í jáde síta. Bí sáfà aláìlára méjì bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan, dátà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lè má dé ọ̀dọ̀ swíìṣì alára rárá. Ó dà bí ayálégbé méjì tí ń sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà: ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò lè gbọ́. Sọ́fítíwíà tí ó ń ka swíìṣì ìta nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Èyí tí ó yẹ gbọ́dọ̀ lè ka swíìṣì inú hypervisor, bí Open vSwitch tí ó jáde ní ọdún 2009, kí ó sì gba ìròyìn NetFlow, sFlow tàbí IPFIX láti ibẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ìṣípòpadà. Sáfà aláìlára lè kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn láì dá iṣẹ́ dúró. Bí sọ́fítíwíà ìṣọ́ kò bá tẹ̀ lé e, ìtàn rẹ̀ yóò já sí méjì.

Ìkẹta ni nẹ́tíwọ̀kì orí nẹ́tíwọ̀kì. VXLAN, tí a ṣe àlàyé rẹ̀ nínú RFC 7348 ní ọdún 2014, ń fi páákẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, ó sì ń fi báìtì 50 kún un bí ó bá ń lo IPv4. Bí ẹ̀rọ tí ó wà lójú ọ̀nà kò bá gba páákẹ́ẹ̀tì tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan yóò máa lọ, òmíràn yóò kọ̀, okùn náà yóò sì dà bí ẹni tí ara rẹ̀ yá.

Òṣùwọ̀n ìṣàyẹ̀wò

Àkókò ìbéèrè: Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń bi ẹ̀rọ léèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìgbà 288 lójúmọ́. Bí okùn bá kún fọ́fọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré nínú márùn-ún, tí ó sì ṣófo ní mẹ́rin yòókù, àròpín yóò fi ìdá 20 nínú 100 hàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹlò ti jìyà.

Òǹkà: Òǹkà SNMP àtijọ́, oníbíìtì 32, a máa padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 34 bí okùn oní-gígábíìtì kan bá kún. Sọ́fítíwíà tí kò bá ka òǹkà oníbíìtì 64 yóò máa parọ́ láì mọ̀.

Ìdí àti àbájáde: Bí ráútà kan bá kú, gbogbo sáfà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò dà bí òkú. Sọ́fítíwíà rere máa ń fi ìkìlọ̀ kan ránṣẹ́ nípa ráútà náà dípò ọgọ́rùn-ún. Nínú Nagios, ẹ̀rọ tí ó wà níwájú ni a ń pè ní òbí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà ìkìlọ̀: Ìkìlọ̀ tí a fi ímeèlì rán kò wúlò bí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló já. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dínkù ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn. Nítorí náà, sọ́fítíwíà náà gbọ́dọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù nípasẹ̀ móódẹ́ẹ̀mù GSM, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí ìta kò bá sí. Èyí tí gbogbo ọpọlọ rẹ̀ wà lókè òkun yóò fọ́jú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Iná mànàmáná: Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ UPS ló ń dáhùn ìbéèrè SNMP. Bí sọ́fítíwíà bá ka bátìrì wọn, ó lè kìlọ̀ kí bátìrì tó tán, kí a sì pa àwọn sáfà aláìlára pẹ̀lú ètò.

Owó: Àwọn kan ń gba owó lórí iye ẹ̀rọ, àwọn mìíràn lórí iye ohun tí a ń wọ̀n. Ní ibi tí sáfà aláìlára ti ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, owó náà ń ga pẹ̀lú rẹ̀. Bí náírà bá sì já wálẹ̀, ó tún ga. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ náà ní owó tirẹ̀: àkókò àti ìmọ̀ òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Bí a ṣe ń dán an wò

Òṣùwọ̀n orí ìwé kò tó. Àṣà tí ó dára ni pé kí a fi sọ́fítíwíà méjì tàbí mẹ́ta ṣọ́ àwọn sáfà kan náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí a sì dìídì dá àìsàn sílẹ̀: kí a yọ okùn kan, kí a ṣí sáfà aláìlára nípò, kí a fi dátà kún ọ̀nà tí ó wà láàárín sáfà méjì tí ó jọ ń gbé, kí a gé íntánẹ́ẹ̀tì. A ó wá kọ ìṣẹ́jú tí ìkìlọ̀ gbà kó tó dé, iye ìkìlọ̀ tí kò nídìí, àti bóyá òṣìṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a dá a sílẹ̀ lè rí orísun rẹ̀. Kò yẹ kí sọ́fítíwíà ìṣọ́ wà lórí sáfà alára kan náà tí ó ń ṣọ́, nítorí àwọn méjèèjì yóò jọ kú ni.

Ààbò

Olùṣọ́ ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni àṣírí tú pé àwọn ọ̀daràn ti fi kóòdù búburú sínú àtúnṣe sọ́fítíwíà ìṣọ́ Orion ti ilé-iṣẹ́ SolarWinds ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníbàárà tí ó gba àtúnṣe náà tó nǹkan bí 18,000. Nítorí èyí, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sọ́fítíwíà lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ kíkà nìkan, bóyá ó ń lo SNMPv3 tí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́, àti bóyá a lè dí i lọ́nà láti kàn sí ìta. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì tún fi ojúṣe lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn lórí dátà àwọn ènìyàn tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Àkópọ̀

Kò sí sọ́fítíwíà kan tí ó dára jù níbi gbogbo. Ní àyíká bíi ti Ilé-Ifẹ̀, èyí tí ó rí inú àti òde hypervisor, tí kì í dákẹ́ nígbà tí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì lè fúnra wọn tún ṣe, wúlò ju èyí tí àwòrán rẹ̀ lẹ́wà tí ohun èlò rẹ̀ sì pọ̀ jù lọ.