Pupa Lósì, Pupa Lọ́tùn-ún: Ìtàn Àmì Ojú Ọ̀nà Ọkọ̀ Òkun, 1889 sí 1980

Àrokò kì í dá sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á kò bá jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ohun lásán ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àmì tí a so mọ́ ìsàlẹ̀ omi, tí wọ́n ń léfòó láti fi ọ̀nà tó jìn tó han atukọ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àdéhùn ló fún àwọ̀ wọn ní ìtumọ̀, àti pé ikú ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mú kí àdéhùn náà yá.

Ní àpérò tó wáyé ní Washington lọ́dún 1889, àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹnu kò pé kí àmì pupa wà lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ̀ tó ń ti òkun bọ̀ wọ èbúté, kí dúdú wà lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná sórí àmì ni ọ̀rọ̀ dàrú. Iná pupa ti wà lápá òsì ẹnu èbúté ní Yúróòpù. Nítorí náà, àwọn kan níbẹ̀ gbé iná pupa sórí àmì dúdú ti ọwọ́ òsì. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, orí àmì ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí. Ní Geneva lọ́dún 1936, lábẹ́ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, a fi pupa sí òsì, a sì ya àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ ní pàtàkì fún àfọ́kù ọkọ̀. Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn náà tó fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn ogun, oníkálukú tún àmì tirẹ̀ ṣe bí agbára rẹ̀ ṣe mọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, ọkọ̀ Paracas kọ lu ọkọ̀ epo Texaco Caribbean ní ọ̀nà omi tóóró Dover, ọkọ̀ epo náà sì rì. Lọ́jọ́ kejì, Brandenburg kọ lu àfọ́kù rẹ̀, òun náà rì. A fi àmì sójú ibẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kejì, Niki forí sọ ọ́, ó sì rì pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí 51 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí lọ.

Nígbà yẹn, ètò àmì tó wà káàkiri ayé lé ní 30. IALA, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ilé-iná ojú òkun, parí òfin Ètò A ní 1976: pupa lósì, àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún. Òfin Ètò B tẹ̀ lé e ní 1980, pẹ̀lú pupa lọ́tùn-ún. Ní Tokyo, ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, aláṣẹ láti orílẹ̀-èdè 50 gba méjèèjì wọlé gẹ́gẹ́ bí ètò kan ṣoṣo tó pín sí ẹkùn méjì.

Ààlà ẹkùn wọ̀nyí gba àárín òkun tó ya Yorùbá ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ wọn lókè òkun. Pupa wà lósì ọkọ̀ tó ń wọ Èkó. Ọ̀tún ló wà fún èyí tó ń wọ Salvador tàbí Havana. Nítorí náà, kí atukọ̀ tó ka àmì, ó ní láti kọ́kọ́ mọ omi ẹni tó wà.