Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin Heavy Metal àti Thrash

Àgbéyẹ̀wò àwo orin ni iṣẹ́ ẹni tó jókòó ti rẹ́kọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó wá sọ fún àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ bóyá ó tó owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á. Kò sí irú orin tí iṣẹ́ yìí ti rọrùn, ṣùgbọ́n ó le gan-an nínú heavy metal àti nínú thrash, ọmọ rẹ̀ tó máa ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ohun tí etí àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé níbẹ̀ ni ariwo: gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há, ìlù tí kò sinmi, akọrin tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Kí ènìyàn tó lè sọ pé àwo kan dára ju èkejì lọ, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ariwo náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ dùndún. Ariwo igi àti awọ ni ẹni tí kò gbédè ìlù ń gbọ́. Ẹni tó gbédè rẹ̀ ti gbọ́ pé oríkì bàbá òun ni onílù ń pè, ó sì ti ń tọwọ́ bàpò.

Birmingham, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni heavy metal ti gbéra. Ilé iṣẹ́ irin ni Tony Iommi, ata-gìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, wà nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì. Ó fúnra rẹ̀ ṣe ìdérí sí àwọn ìka náà, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó sì yá, ó dẹ okùn gìtá náà kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí ohùn gìtá ṣe wọlẹ̀ tó sì wúwo nìyẹn. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún náà gan-an, Lester Bangs gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone, ó fi wọ́n wé ẹgbẹ́ Cream, ó sì ní wọn kò tó o. Òṣùwọ̀n àwọn ata-gìtá tó ń dárà lórí orin blues ló fi wọn ẹgbẹ́ tí kò ní dídárà lọ́kàn, tó jẹ́ ìwúwo àti ẹ̀rù ló ń wá. Kóńgò la fi ń wọn gàrí. Ẹni tó mú ọ̀pá aláṣọ lọ sídìí gàrí kò lè mọ iye tó rà. A kò ní fi ohun rere rẹ̀ pamọ́ o: ní 1972, Bangs kan náà kọ àyọkà gígùn nípa wọn nínú ìwé ìròyìn Creem, ó sì bá wọn lò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ní ohun pàtàkì láti sọ.

Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn orin náà fi gba kálàmù lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní London, ìwé ìròyìn Sounds ti ń tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ tuntun láti 1979, Geoff Barton sì wà lára àwọn tó sọ wọ́n di mímọ̀. Inú Sounds yìí ni Kerrang! ti yọ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1981. Kò fi ìràwọ̀ díwọ̀n àwo. Lẹ́tà K ló ń tò, márùn-ún sì ni òpin ìyìn. Rock Hard bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Jámánì ní 1983, ó ń fi máàkì lé àwo lórí 10, Burrn! bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 1984, tirẹ̀ wà lórí 100. Malcolm Dome ti Kerrang! ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ tẹ orúkọ thrash metal sínú ìwé ìròyìn, ní 1984, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa orin kan tí ẹgbẹ́ Anthrax ti New York kọ. Olùgbéyẹ̀wò ló sọ ọmọ lórúkọ, àwọn tó bí i kàn jẹ́ ẹ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí àyè nínú ìwé ìròyìn ńlá ń ṣe tiwọn nílé: ojú ewé mélòó kan tí wọ́n fi táípúráítà tẹ̀, tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí wọ́n sì fi píìnì kàn pọ̀. Ron Quintana ní San Francisco ń wá orúkọ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, Metallica sì wà lára àwọn tó kọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lars Ulrich, rọ̀ ọ́ kó mú òmíràn, ó sì gbé Metallica lọ fún ẹgbẹ́ tó ń dá sílẹ̀. Metal Mania ni Quintana wá pe ìwé tirẹ̀. Brian Slagel náà, tó ń ṣe The New Heavy Metal Revue ní Los Angeles, kúrò nídìí kíkọ nípa rẹ́kọ́ọ̀dù, ó bọ́ sídìí ṣíṣe é: ó dá Metal Blade sílẹ̀ ní 1982, inú àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Metal Massacre, sì ni orin Metallica ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn òǹkàwé ìwé kékeré wọ̀nyí ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ síra wọn nílé ìfìwéránṣẹ́, láti California dé Denmark. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti dà kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ohùn rẹ̀ ti kú tán kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹwàá. Ìwé tó bá a rìn ló ń sọ fún onítọ̀hún ohun tó yẹ kí etí rẹ̀ wá.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ọdún 1986 ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwo méjì jáde lọ́dún náà tí wọ́n jẹ́ thrash méjèèjì, síbẹ̀ tí wọn kò jọra níbi kankan. Master of Puppets ti Metallica jáde ní oṣù Kẹta: orin mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 55. Reign in Blood ti Slayer jáde ní oṣù Kẹwàá: orin mẹ́wàá, kò sì pé ìṣẹ́jú 30. Ó kúrú débi pé ojú kan kásẹ́ẹ̀tì gba gbogbo rẹ̀, wọ́n bá tún un tẹ̀ sí ojú kejì. Ẹni tó bá ní ti àkọ́kọ́ gùn jù, tàbí pé ti ìkejì kúrú jù, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nínú Master of Puppets, ọwọ́ ọ̀tún James Hetfield ni kí ènìyàn tẹ́tí sí. Lọ́pọ̀ ibi, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbá okùn sí. Ọ̀pọ̀ ata-gìtá a máa gbá a sísàlẹ̀ kí wọ́n tún gbá a padà sókè kí ọwọ́ má baà tètè rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òun kọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlù orin tó fún àwo náà lórúkọ ju 200 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi ń bọ́ lulẹ̀ bákan náà, bí ìgbà tí ọmọ odó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú iyán. Ní àárín orin náà ni ariwo lọ sílẹ̀, gìtá tútù kan wọlé bí ẹni tó ń ronú, kí wọ́n tó padà sí eré. Egbòogi olóró ló ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà, òun ni ọ̀gá, ẹni tó ń mu ún ni ọmọlángidi rẹ̀. Bí orin ṣe ń fa ènìyàn, tó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tó tún fà á, bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu. Àgbéyẹ̀wò tó bá ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìlù níbẹ̀ ti pa orin náà. Lórí Orion, tí kò ní akọrin, béèsì Cliff Burton ló gba iwájú. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ náà dojú dé ní Sweden, Burton sì kú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́ Orion bí àwọn tó gbé e yẹ̀ wò ní oṣù Kẹta ṣe gbọ́ ọ.

Slayer ní tiwọn kò dẹ ohunkóhun sílẹ̀. Rick Rubin ló darí ìgbàsílẹ̀ náà; hip-hop ni a fi mọ ilé iṣẹ́ Def Jam tirẹ̀. Ó bọ́ ìró gbàgede kúrò lára ohùn wọn, ìyẹn ìró tó máa ń mú kí rẹ́kọ́ọ̀dù metal ìgbà náà dà bí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ohun tó kù gbẹ, ó sì sún mọ́ni bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ni létí. Bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe dákẹ́ nínú orin àkọ́kọ́ kí Dave Lombardo lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan lu ìlù ńlá, eegun nìkan ni wọ́n fi hàn wá. Èmi tí mò ń kọ èyí, ó di ìgbà kẹta kí n tó mọ ibi tí orin kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ yẹn náà ló gbé ìṣòro mìíràn dìde. Ìwà ìkà Josef Mengele, dókítà àgọ́ Auschwitz, ni Jeff Hanneman, ata-gìtá Slayer, kọ sínú rẹ̀, láìsọ níbì kankan pé ohun tó ṣe burú. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia kọ̀ láti tà á, ilé iṣẹ́ Geffen ló wá gbé e jáde. Àwọn olùgbéyẹ̀wò kan bú ẹgbẹ́ náà, àwọn mìíràn ṣe bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé ọ̀nà méjèèjì ni ìsálọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń gbé àwo yẹ̀ wò sọ ohun tí orin sọ àti ohun tó fi sílẹ̀ láìsọ, kó sì jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ bí ìdákẹ́ yẹn ṣe rí lára òun.

Ohùn inú àwo fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ tí wọ́n sì dà á pọ̀, ni ọ̀pọ̀ àgbéyẹ̀wò máa ń fi gbólóhùn kan tán. Ìtàn Metallica fi hàn pé kò tó. Lórí ...And Justice for All (1988), a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ béèsì Jason Newsted, ẹni tó rọ́pò Burton. Steve Thompson, ọ̀kan lára àwọn tó da ohùn náà pọ̀, ti sọ pé bí ẹgbẹ́ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Lórí St. Anger (2003), ọ̀kan nínú àwọn ìlù náà ń dún bí ẹni tó ń fi ṣíbí lu ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ti Death Magnetic (2008) ló le jù. Wọ́n gbé gbogbo ohùn sókè dé òpin ibi tí àwo gbà dé, kò wá sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ àti igbe, ohùn náà sì ń ya bí aṣọ ògbólógbòó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ti yin àwọn orin inú rẹ̀. Àwọn tó rà á ló ṣàkíyèsí pé àwọn orin kan náà mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú eré kọ̀ǹpútà Guitar Hero, wọ́n sì ko orúkọ jọ láti bẹ ẹgbẹ́ kó tún àwo náà dà pọ̀. Lọ́jọ́ náà, òǹkàwé ló ṣíwájú olùgbéyẹ̀wò.

Ti ẹ̀bùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1989 ni àwọn Grammy kọ́kọ́ ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún hard rock àti metal pọ̀; Metallica kọrin lórí pèpéle, wọ́n sì gbé ẹ̀bùn náà fún Jethro Tull, tí kò tilẹ̀ wá síbẹ̀. Ní 2016 ni Library of Congress ní Amẹ́ríkà kéde pé Master of Puppets wọ inú àwọn ìgbàsílẹ̀ tí ìjọba fẹ́ pa mọ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti inú metal. Ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín àwo náà àti ìdájọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹni tó ń kọ àgbéyẹ̀wò máa ń ní.

Àwo kan ṣẹ́ kù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Ẹgbẹ́ Sepultura, tí àwọn ọmọ ìyá méjì Max àti Igor Cavalera dá sílẹ̀ ní Belo Horizonte ní Brazil ní 1984, gbé Roots jáde ní oṣù Kejì ọdún 1996. Wọ́n ti fi Beneath the Remains (1989) àti Arise (1991) hàn pé àwọn lè bá ará California sáré thrash. Lórí Roots, wọ́n dẹ eré, wọ́n sì kó ìlù wọlé. Wọ́n lọ sí abúlé àwọn Xavante ní Mato Grosso, wọ́n bá wọn kọrin, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ fún orin Itsári. Wọ́n tún pe Carlinhos Brown, onílù láti Salvador ní Bahia, ó sì bá wọn ṣe Ratamahatta.

“Ìlù ìbílẹ̀” ni ọ̀rọ̀ tí àwọn olùgbéyẹ̀wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń lò fún gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé apẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti kó o. Àṣìṣe Bangs ló tún padà wá yìí, pẹ̀lú ìyìn dípò èébú. Ilẹ̀ Brazil ni àwọn Xavante ti wà kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀. Salvador ní tirẹ̀ ni ìlú tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa kan lẹ́rú lọ, tí àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ń jẹ́ Nagô, tí wọ́n ń lu ìlù fún òrìṣà nínú Candomblé títí dòní, tí wọ́n sì ń pe agogo ní agogô. Ọmọ àdúgbò Candeal ní ìlú yẹn ni Brown, níbi tí ìlù ìta àti ìlù ilé òrìṣà ti ń gbọ́ ara wọn. Kí ẹni tó ń gbé Roots yẹ̀ wò tó dé orí gìtá, ó yẹ kó ti ya ohùn Mato Grosso sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ onílù Bahia, kó sì sọ orúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.