The Exit 8

The Exit 8 ni eré orí kọ̀ǹpútà tí Kotake Create gbé jáde ní orílẹ̀-èdè Japan ní ọdún 2023. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo, bíi ti ibùdókọ̀ ojú irin, ni ẹni tí ń ṣeré ń rìn léraléra. Bí ó bá rí ohun tó yàtọ̀ lára ìlẹ̀kùn, pátákó ìpolówó tàbí ọkùnrin tí ń bọ̀ níwájú, kí ó padà sẹ́yìn. Bí kò bá rí i, kí ó máa lọ. Àṣìṣe a dá a padà sí òdo. Kò sí ìjà nínú rẹ̀. Iyèméjì ni orísun ẹ̀rù: ojú kò dá ohun tí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lójú mọ́. Genki Kawamura sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 2025.