Ta Ló Ni Iyanrìn Ilashe?

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Mile 2, tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ń ké "Agboju, Alákijà, Trade Fair! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!", òkun wà ní ọwọ́ òsì yín ní gbogbo ọ̀nà náà. Ẹ kò kàn lè rí i ni. Satellite Town ló dí i lójú, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tánkì epo, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀sà tóóró tó ti Àgbádárìgì ń bọ̀ wá sí èbúté Èkó. Ní òdìkejì ọ̀sà yẹn ni ilẹ̀ iyanrìn kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú, ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Ilashe àti Ibeshe wà. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin náà ni wọ́n wà, bíi ti Agboju àti Festac. Ìdí nìyí tí a fi máa ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ wa ní yunifásítì pé àwa ará Agboju náà ní etíkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gọ́tà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ wá wò nílé.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà tó wà lóde báyìí. Bí ìdánwò bá ti parí, ẹgbẹ́ á dá owó jọ, wọ́n á gbé láífù jákẹ́ẹ̀tì tó ti ń rùn kọ́rùn, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di rìsọ́ọ̀tì ní Ilashe. Yàrá onípákó, odò ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ búlúù nígbà tí òkun gan-an wà nítòsí, igi àgbọn, ẹja yíyan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán ti dé Instagram, ẹnì kan á sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Fíjì ni òun wà, tàbí Bora Bora. A ti lọ, a sì gbádùn rẹ̀, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìtàn ni àwa ń kọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ń jà ràn-ìn lọ́kàn wa: báwo ni ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń yẹra fún ṣe di ibi tí ènìyàn ń sanwó kó tó sùn?

Wọ́n yẹra fún un lóòótọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó ní agbègbè yìí: Èkó, Àgbádárìgì, Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ni gbogbo wọn kọjú sí. Ọ̀sà ni ọ̀nà ọjà, òun náà ni ọ̀nà ogun. Òkun ní tirẹ̀, Olókun ló ni ín, ìgbì rẹ̀ sì le débi pé òwe wa fi í ṣe àpẹẹrẹ ohun tí a kì í fi wàdùwàdù ṣe: òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwọn apẹja ló dúró ti iyanrìn náà: àwọn Ògù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ẹ̀gùn, àwọn Àwórì, àwọn Ìlàjẹ. Bí ẹ bá sì tẹ̀ lé ìgbànú iyanrìn yìí lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó bá Gberefu ní òdìkejì Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti ń da àwọn ẹrú gba orí iyanrìn kọjá lọ bá ọkọ̀ òyìnbó. Àwọn yẹn kò gbafẹ́ lọ síbẹ̀.

Igi àgbọn tó ń mú kí àwòrán wa jọ ti erékùṣù Pàsífíìkì, àjèjì ni òun náà. Kò sí àgbọn ní etíkun wa kí àwọn Potogí tó dé. Láti ìhà òkun Íńdíà ni wọ́n ti gbé e wá sí Cape Verde ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, láti ibẹ̀ ló ti tàn ká. Lónìí, ta ní máa gbà pé Àgbádárìgì ti wà rí láìní àgbọn?

Ohun tó yí etíkun Èkó padà jù lọ, òkúta ni. Òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ẹnu èbúté, ó sì ti ba ọkọ̀ púpọ̀ jẹ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá láti Liverpool kò lè wọlé. Forcados ni wọ́n ń já ẹrù sí, ọkọ̀ kéékèèké á wá kó o wá sí Èkó. Èrò tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lójú agbami, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á wá fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, tòun ti báàgì àti adúrà. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun. Ògiri méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn, kí agbára omi tó ń jáde láti inú ọ̀sà lè máa gbẹ́ ẹnu ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Ní 1926, Apapa ti ní èbúté tí wọ́n lè gúnlẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n iyanrìn etíkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì máa ń tì í láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́, bí ẹni ń gbálẹ̀. Nígbà tí ògiri òkúta dínà mọ́ ọn, ó ṣù jọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ etíkun Lighthouse sì ń fẹ̀ sí i. Ní ìhà ìlà oòrùn, níbi tí iyanrìn kò ti dé mọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Victoria Island. Bar Beach ti pàdánù ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan láti ìgbà náà. Ní ẹ̀bá ògiri ìwọ̀ oòrùn, omi rí kọ̀rọ̀ kan parọ́rọ́ sí. Kọ̀rọ̀ yẹn ni Tarkwa Bay. Àwọn tó ń kọ́ èbúté ló dá etíkun tó rọrùn jù láti lúwẹ̀ẹ́ ní Èkó sílẹ̀, kì í sì í ṣe torí ìgbafẹ́ ni wọ́n ṣe é.

Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ rí ìlò fún un, lópin ọ̀sẹ̀. Bar Beach ní tirẹ̀ ni ti gbogbo ìlú: ẹlẹ́ṣin, oníṣùyà, èrò ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ Àjíǹde, àwọn aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà mọ́jú. Níbẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa Ishola Oyenusi ní 8 September 1971, tí ọ̀pọ̀ èrò sì lọ wòran. Wọ́n kọ́ Eko Hotel síwájú òkun yẹn kan náà ní àwọn ọdún 1970, kí àlejò lè máa gbọ́ ìgbì láti orí bẹ́ẹ̀dì. Lónìí, Eko Atlantic tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sí ní nǹkan bí 2009 ti dúró sáàárín òun àti òkun, Bar Beach sì ti di ọ̀rọ̀ ìtàn.

Ní ìhà tiwa, àlejò ti sùn rí. Láti 15 January sí 12 February 1977 ni FESTAC wáyé, Festac Town sì ni ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tó wá, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Amuwo. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia wà lára wọn, àwọn ará Papua New Guinea náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó máa fi Ilashe pe Pàsífíìkì lórí Instagram, Pàsífíìkì ti sùn ní ẹ̀gbẹ́ Agboju. (A ṣì ń wá ìyá àgbà kan tó tajà fún wọn. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa kí i.)

Àwọn erékùṣù Pàsífíìkì fúnra wọn ní ìtàn tó jọ tiwa. Ní March 1946, ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ará Bikini, 167 ènìyàn, kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí wọ́n lè dán bọ́ǹbù wò níbẹ̀. Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ bú ní 1 July. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Paris, Louis Réard gbé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tuntun jáde, ó sì fi orúkọ erékùṣù náà pè é. Aṣọ yẹn ni gbogbo ayé ń wọ̀ lọ sí rìsọ́ọ̀tì.

Ní January 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ Tarkwa Bay. Wọ́n ní àwọn kan ń fọ́ páìpù epo tó gba abẹ́ iyanrìn kọjá. Wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ péré láti kó ẹrù wọn, wọ́n sì wó ilé. Ohun tí ìròyìn sọ ni pé nǹkan bí 4,500 ènìyàn ló kúrò. Bí olè bá wà láàárín wọn, ẹjọ́ ilé ẹjọ́ nìyẹn. Àwa kò rí òfin tó ní kí a wólé mọ́ ọmọ apẹja lórí nítorí olè. Ohun tó dùn wá jù ni bó ṣe rọrùn tó. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Apẹja tí baba baba rẹ̀ ti ń fa àwọ̀n níbẹ̀ kò ní ìwé. Ẹni tó wá kọ́ yàrá onípákó ní tirẹ̀.

Tàbí kí ó rò pé òun ní. Ní 2024, Landmark, tí ìwé rẹ̀ pé, rí katakata níwájú ilé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ títì tó gba etíkun lọ sí Calabar. Mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, sọ pé ilẹ̀ tó wà láàárín mítà 250 sí etí òkun, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Títì yẹn kò gba ọ̀dọ̀ wa. Ìhà Lekki ló kọjú sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú okùn dání ní Ilashe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn mítà 250 láti ibi tí ìgbì ń kú sí, gbogbo yàrá tí àwa ti sanwó rẹ̀ rí níbẹ̀ ló máa bọ́ sínú rẹ̀.