Orúkọ Kan, Iṣẹ́ Púpọ̀: XML àti Àkọsílẹ̀ Èdè Akan ní Ghana

1.0 Ìfáárà

Ìṣòro orúkọ nínú àkọsílẹ̀ èdè Akan ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n tẹ atúmọ̀-èdè J. G. Christaller jáde ní Basel ní ọdún 1881, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Tshi, ni ó kó Asante àti Fante sí. Ní Accra, iléeṣẹ́ ìjọba tí a mọ̀ sí Bureau of Ghana Languages bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Àkọtọ́ mẹ́ta ni ó fi ń tẹ ìwé Akan: ti Twi Akuapem, ti Twi Asante àti ti Fante. Àkọtọ́ ìṣọ̀kan jáde ní 1978, ṣùgbọ́n kò lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

2.0 Orúkọ, átíríbíútì àti àyíká

Oṣù kejì ọdún 1998 ni W3C gbé XML jáde. Nínú rẹ̀, ẹ́límẹ́ǹtì ni àpò olórúkọ tí a ń kó ọ̀rọ̀ sí. Átíríbíútì ni àlàyé tí a so mọ́ ọrùn àpò náà. Ẹni tó ń ṣe atúmọ̀-èdè lè dá ẹ́límẹ́ǹtì ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan. Text Encoding Initiative, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, kò tọ ọ̀nà yẹn. Ẹ́límẹ́ǹtì kan náà, <orth>, ni ó pèsè fún àkọtọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo. <form> tó yí i ká, pẹ̀lú átíríbíútì type tó wà lára <form> náà, ló ń sọ bóyá olórí ọ̀rọ̀ ni tàbí ẹ̀dà rẹ̀. Xml:lang ló ń sọ èdè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ń ṣe: "ọba" jẹ́ olùwà nínú "ọba dé", ó sì jẹ́ ẹ̀yán nínú "ààfin ọba".

3.0 Àpẹẹrẹ kan

Ohun tí Yorùbá ń pè ní "orúkọ", din ni lédè Twi, dzin sì ni lédè Fante. Bí xml:lang="tw" bá wà lára ẹ́límẹ́ǹtì òde, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló jogún rẹ̀, àfi èyí tó bá ní tirẹ̀. Bí a kò bá kọ xml:lang="fat" sára dzin, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí Twi, ẹ̀rọ tó ń yẹ àkọtọ́ Twi wò yóò sì sọ ọ́ di àṣìkọ. Kíkọ "ak" nìkan kò yanjú rẹ̀: ISO 639-3 ti ọdún 2007 fi twi àti fat sábẹ́ aka, nítorí náà "ak" kò sọ èwo nínú méjèèjì.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Orúkọ díẹ̀ pẹ̀lú átíríbíútì yẹ Akan, nítorí ó fi ìṣọ̀kan èdè náà hàn láì pa ẹ̀ka rẹ̀ rẹ́. Ewu ibẹ̀ ni pé ohun tí a jogún a máa sọnù bí a bá gé ọ̀rọ̀ kúrò láyìíká rẹ̀ lọ sínú fáìlì mìíràn. Ó tọ́, nígbà náà, kí <orth> kọ̀ọ̀kan gbé xml:lang tirẹ̀. Ohun tí òǹkàwé ìwé Christaller lè fi ojú inú mọ̀, kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ ọ́n àfi bí a bá kọ ọ́.