Ìrànwọ́ Inú Kọ̀ǹpútà: Ṣé F1 Ṣì Wúlò?

Bí ènìyàn bá tẹ F1 lórí Windows 10 láì tíì ṣí sọ́fítíwíà kankan, Edge ni yóò jáde, Bing yóò sì máa wá ìrànwọ́ kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dátà bá ti tán, kò sí ìrànwọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1995, bọ́tìnnì yìí kan náà ń ṣí ìwé tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi Windows sí i. Ó ní àkóónú, ó ní atọ́ka ọ̀rọ̀, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé torí pé ìwé inú kọ̀ǹpútà yẹn kò wúlò ló ṣe kú. Ìtàn rẹ̀ kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Owó àti ìkánjú ló pa púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fara balẹ̀ kọ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ọ̀kan lára èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tó ṣì wà láàyè ni man, ìwé ìrànwọ́ inú Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1971 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà Unix àkọ́kọ́ jáde ní Bell Labs, ní New Jersey. Nígbà tó yá, ìwé náà di ohun tí wọ́n ń kà lójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: kí ènìyàn tẹ man, kó fi orúkọ àṣẹ tó fẹ́ mọ̀ tẹ̀ lé e, ó parí. Ìlànà kan náà ni ojú ewé rẹ̀ ń tẹ̀ lé: orúkọ àṣẹ, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àlàyé ohun tó ń ṣe, àti, lọ́pọ̀ ìgbà, ìpín kan tí wọ́n pè ní BUGS, níbi tí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí iṣẹ́ òun kù díẹ̀ káàtó sí. Àwọn tó ń polówó sọ́fítíwíà lóde òní kò láyà irú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ inú man gbẹ, àpẹẹrẹ inú rẹ̀ kì í pọ̀, ẹni tí kò tíì mọ orúkọ àṣẹ tó ń wá kò sì lè rí nǹkan dì mú níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ó wà lórí Linux àti Mac lónìí, torí pé àṣẹ àti àlàyé rẹ̀ jọ ń wọlé ni. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹni ni àlàyé náà ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ẹ̀dà ẹlòmíràn.

Emacs, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní 1976 lọ́wọ́ Richard Stallman àti Guy Steele, tún gbé ọgbọ́n yìí síwájú. Nínú Emacs òní, ẹni tó bá tẹ Ctrl-h, tó tẹ k, tó wá tẹ bọ́tìnnì tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, sọ́fítíwíà náà yóò sọ ohun tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣe lásìkò náà gan-an. Bó bá jẹ́ pé àná ló fọwọ́ ara rẹ̀ yí iṣẹ́ bọ́tìnnì ọ̀hún padà, iṣẹ́ tuntun ni yóò rí kà. Kò sí fídíò YouTube tó lè ṣe ìyẹn.

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń tà fún ọ́fíìsì, àyè ni wàhálà. Ojú kọ̀ǹpútà kò ju ìlà 24 tàbí 25 lọ. WordStar, tó jáde ní 1978, to àwọn àṣẹ rẹ̀ sí òkè, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ń tẹ̀wé yan ìpele ìrànwọ́ láti 3 wá sí 0. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á fi í sí 3. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá á fi í sí 0, kó lè rí àyè fún iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì ìrànwọ́ fúnra rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀: F1 ni Lotus 1-2-3 ti 1983 ń lò, ṣùgbọ́n F3 ni nínú WordPerfect, F1 sì ni wọ́n fi ń fagi lé nǹkan níbẹ̀. Ìlànà Common User Access tí IBM gbé jáde ní 1987 ló sọ F1 di ti ìrànwọ́.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1990 ni Windows 3.0 dé, ó sì gbé WinHelp dání. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fáìlì .hlp rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òǹkọ̀wé á ṣí Word, á kọ kókó kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi àwọn àkíyèsí ìsàlẹ̀ ìwé sí i: # fún orúkọ tí kọ̀ǹpútà á fi dá kókó náà mọ̀, $ fún àkọlé tí òǹkàwé máa rí, K fún àwọn ọ̀rọ̀ atọ́ka. Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé máa tẹ̀ láti bọ́ sí kókó mìíràn, ìlà méjì ni wọ́n ń fà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ibi tó ń lọ mọ́ ọn ní lẹ́tà tí kì í hàn síta. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ bíi RTF, wọ́n á wá gbé e fún compiler, sọ́fítíwíà tó ń sọ ọ́ di fáìlì .hlp. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣì kọ nínú orúkọ yẹn, ọ̀nà ti dí.

Pẹ̀lú gbogbo làálàá yìí, ohun tí wọ́n ń kọ sínú rẹ̀ ló ba ọjà jẹ́. Windows 95 fi àmì ìbéèrè kékeré sí igun òkè àwọn fèrèsé. Ènìyàn á tẹ̀ ẹ́, á wá tẹ ohun tí kò yé e, àlàyé á sì yọ síbẹ̀. Ọgbọ́n tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, bí ènìyàn bá bi í léèrè nípa àpótí orúkọ fáìlì, ìdáhùn tó máa rí ni pé kó tẹ orúkọ fáìlì síbẹ̀. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ẹni tí wọ́n bá fún ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í padà wá mọ́.

Olùwádìí kan, John Carroll, ti rí ìdí mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í fi í ka ìrànwọ́ ṣáájú. Ní àwọn ọdún 1980, ní ibùdó ìwádìí Watson ti IBM ní New York, ó ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé wọn kì í jókòó kàwé. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ní 1987, òun àti Mary Beth Rosson ṣàlàyé pé ẹni tí ì bá fi àkókò díẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kó lè jèrè púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀la kì í fẹ́ yọ̀ǹda àkókò díẹ̀ náà. Carroll kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà tó kúrú, tó dá lórí iṣẹ́ gidi àti bí ènìyàn ṣe ń yọ ara rẹ̀ nínú àṣìṣe, àwọn tó fi kọ́ṣẹ́ sì tètè mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọ̀gá bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ìbàdàn àti Èkó kò ka Carroll, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn: ọmọ iṣẹ́ á máa tẹ iṣẹ́ oníbàárà, tó bá há, á ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ọ̀gá á sì nàka sí ibi tó yẹ kó tẹ̀.

Ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà ni àwọn ilé iṣẹ́ wá ń wá. Apple Guide, tó wọlé pẹ̀lú System 7.5 ní 1994, máa ń fi àwọ̀ pupa yí ohun tó kàn láti tẹ̀ ká. Microsoft ní tirẹ̀ gbé Clippy, kílíìpù bébà tó lójú méjì, jáde nínú Office 97. Ní ẹ̀ka ìwádìí ilé iṣẹ́ náà, Eric Horvitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe Lumière, tó ń fi ìṣirò wò ó bóyá ènìyàn nílò ìrànwọ́ lóòótọ́; èyí tó dé ọjà kò gbé gbogbo ọgbọ́n yẹn dání. Kí ènìyàn ṣáà ti kọ "Dear", Clippy ti yọjú, ó ń béèrè bóyá lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. Lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè kan náà. Office XP ti 2001 kò tan án sílẹ̀ mọ́, nígbà tí Office 2007 sì dé, kò sí níbẹ̀ rárá.

Láàárín àkókò yìí ni .chm ti gba ipò .hlp, láti 1997: ojú ewé HTML tí wọ́n fún pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀daràn náà rí i lò. Ní 2005, Microsoft ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tó bá ti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá, ohun tí ènìyàn sì ń bá pàdé lẹ́yìn ìgbà náà ni pé àkóónú á hàn lápá òsì, apá ọ̀tún á ṣófo. Àfi kó lọ sí Properties fáìlì náà, kó tẹ Unblock. WinHelp ní tirẹ̀ kò bá Windows Vista wọlé mọ́ ní 2007.

Àwọn ilé iṣẹ́ ní àwíjàre. Ìrànwọ́ tó ń bá sọ́fítíwíà wọlé gbọ́dọ̀ parí kí sọ́fítíwíà tó parí, wọ́n gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀, àṣìṣe inú rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ títí ẹ̀dà tuntun á fi dé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè tún un ṣe lóòjọ́, wọ́n sì ń rí ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọrùn oníbàárà ni wọ́n gbé ìnáwó náà kọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, Nàìjíríà, Benin àti Ghana wà lára àwọn tó fara gbá a. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà ṣì lè ṣí Excel lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀. Àlàyé bí wọ́n ṣe ń lo Excel ni kò ní rí.

AI tó wà nínú sọ́fítíwíà báyìí, irú Copilot, ń gbọ́ ìbéèrè bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, èyí tí atọ́ka .hlp kò lè ṣe láéláé. Àmọ́ ó lè fi gbogbo ẹnu darí ènìyàn sí mẹ́nù tí kò sí nínú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀.

Ìrànwọ́ tí wọ́n fara balẹ̀ kọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo VLOOKUP, fọ́múlà tó ń wá ìsọfúnni nínú tábìlì, nínú Calc ti LibreOffice. Ohun mẹ́rin ló ń gbà, ìkẹrin kì í ṣe dandan. Bí ènìyàn bá fò ó, Calc á gbà pé òpó àkọ́kọ́ ti wà létòletò láti kékeré dé ńlá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè gbé owó oṣù ẹlòmíràn jáde láì sọ pé àṣìṣe wà níbì kankan. Ìrànwọ́ Calc sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n fi 0 tàbí FALSE síbẹ̀ bí òpó náà kò bá wà létòletò. Ìlà yẹn tó fún akọ̀wé owó.

Fáìlì méjì ló sì wà níbi tí wọ́n ti ń gba LibreOffice: sọ́fítíwíà náà, àti ìrànwọ́ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gba àkọ́kọ́ nìkan, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni F1 á gbé e lọ. Ẹni tó ń fi flash gbé e lọ fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, méjèèjì ni kó gbà kó tó kúrò níbi tí dátà wà.