Fóònù Tó Ṣe é Tú, Tó Ṣe é Tò

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí pé, kí ló dé tí a ò lè pààrọ̀ kámẹ́rà fóònù bí ẹni pààrọ̀ táyà ọkọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn.

Ní 1999, Jeff Hawkins àti Donna Dubinsky, tí wọ́n ti kọ́kọ́ wà nídìí ẹ̀rọ Palm, gbé ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ kan jáde tó ń jẹ́ Visor. Handspring ni orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn. Ihò kan wà lẹ́yìn Visor yìí tí wọ́n pè ní Springboard. Ohun tó bá wu èèyàn ló máa kì bọ̀ ọ́: kámẹ́rà, ẹ̀rọ orin, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà, kódà ẹ̀yà tó ń sọ Visor di fóònù. Ṣé ẹ rí i? Fóònù gan-an ni àfikún nígbà yẹn! Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2002, Handspring gbé Treo jáde, fóònù ti wà nínú òun látilẹ̀, kò sì sí ihò Springboard lára ẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àfikún tó bá wúlò fún gbogbo ayé, inú ẹ̀rọ ló máa ń wọ̀ gbẹ̀yìn. Èyí tó bá wúlò fún ìwọ̀nba èèyàn, kì í tà tó láti bọ́ ẹni tó ṣe é.

Ní 2013, Dave Hakkens, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, gbé èrò Phonebloks síta. Ọdún yẹn náà ni Motorola, tó wà lọ́wọ́ Google nígbà náà, kéde Project Ara: egungun fóònù tí a ó máa to ẹ̀yà mọ́. Wọ́n ní wọn yóò dán an wò ní Puerto Rico ní 2015. Wọ́n sún un síwájú. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, Google pa á tì.

Ọdún 2016 yẹn ni LG gbé G5 dé. Kéèyàn tó pààrọ̀ ẹ̀yà ìdí ẹ̀, àfi kó yọ bátìrì, fóònù á sì kú. Ta ló fẹ́ ìyẹn? Moto Z sàn jù ú lọ: òòfà ló fi ń di sípíkà, kámẹ́rà Hasselblad tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri mú. Síbẹ̀, òun náà ò kọjá Moto Z4 ti 2019.

Èwo ló wá ṣẹ́kù? Fairphone, ní Amsterdam. Fairphone 2 jáde ní 2015. Ẹni tó ni ín lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ yọ ojú fóònù àti bátìrì. Ní 2017 wọ́n ta kámẹ́rà tuntun fún fóònù kan náà, láti mẹ́gápíksẹ́lì 8 sí 12. Bí ẹni pààrọ̀ táyà gẹ́lẹ́!

Èrò tèmi ni pé afẹ́ ni àwọn yòókù ń tà, àtúnṣe ni Fairphone ń tà. Àwọn oníṣẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn nìyẹn: ojú tó fọ́ àti bátìrì tó kú ló ń gbé èèyàn wá bá wọn. Òfin bátìrì tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 náà ti gba ọ̀nà yẹn. Láti oṣù kejì 2027, ẹni tó ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì ẹ̀ fúnra ẹ̀, àyàfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀.

Ohun tí a ò lè tú, ṣé tiwa ni lóòótọ́? Ẹ bá mi rò ó.